Kí Ẹ Tó Kó Ẹbí Wá Ṣọdún Lókè Àkókó

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń gbèrò láti wá lo ìsinmi ọdún ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà, àwọn ìlú wa ní Àkókó, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń gba ẹ̀bá wa kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkè a gba Ìdànrè lọ, tàbí Òkè Olúmọ l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ a wọ bàálù lọ sí Dubai. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà, tí dọ́là kan tí báńkì ń tà ní nǹkan bí 470 náírà fò dé 1,500 kí ọdún kan tó pé, ọ̀pọ̀ ilé ló ti gbé pásípọ́ọ̀tù wọn sínú àpótí. Wọ́n wá ń wá ibi tí wọ́n lè kó ọmọ lọ tí owó ilé ẹ̀kọ́ kò ní bá a lọ.

Àkókó dára fún irú ìyẹn. Òkè yí wa ká, afẹ́fẹ́ wa tutù, iṣu tí a fi ń gúnyán kò rìn jìnnà kó tó dé inú odó. Bí ẹ bá rìn láti ìlú kan dé òmíràn, ẹ ó gbọ́ èdè tó yàtọ̀ débi pé ọmọ Ọ̀kà lè má gbọ́ ohun tí ará ìlú tí kò jìnnà sí i ń sọ. Ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra, nítorí ohun tó lè pa èèyàn lára lọ́nà ibí wà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ṣe é yẹra fún.

Ibi tí gbogbo ayé mọ̀ ti gba àlejò mọ́ra. Ní Ìdànrè, wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ sára òkè, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, amọ̀nà ń dúró de àlejò. Ní Olúmọ, ẹ ó sanwó lẹ́nu géètì. Wọ́n tiẹ̀ ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ fún àwọn tí orúnkún ń dùn. Àwọn òkè Ọ̀kà kò ní géètì. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí irin tí èèyàn lè dì mú, kò sí ẹni tó ń ka iye àwọn tó gòkè láàárọ̀ kó lè mọ̀ bí wọ́n kò bá pé nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tí géètì àti amọ̀nà ń ṣe níbòmíràn, èèyàn kan tó mọ̀ yín, tó sì mọ ìlú, ni yóò ṣe é fún yín níbí. Bí ẹ kò bá tíì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì di ẹrù. Ẹ kọ́kọ́ wá a.

Kò sì ṣòro láti rí. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ti wà l'Ákùngbá láti ọdún 1999, àwọn tó ti gbàwé ẹ̀rí níbẹ̀ kún ìgboro Èkó, Ìbàdàn àti Abuja fọ́fọ́. Ẹ bi ara yín níbi iṣẹ́, ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Ìkàrẹ́ àti ti Ọ̀kà ń ṣèpàdé ní ìlú ńlá gbogbo, inú wọn yóò sì dùn láti fi yín lé ẹ̀gbọ́n kan lọ́wọ́ nílé. (Ọmọ Àkókó fẹ́ràn kí wọ́n bi í léèrè nípa ìlú rẹ̀, ohun tí ẹ ó bá pàdé ni pé kò ní tètè dákẹ́.) Ẹ pe ẹni náà nígbà tí ẹ bá ń ṣètò, ẹ tún pè é láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra. Ẹ sọ iye ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ fún un, irú ọkọ̀ tí ẹ wọ̀, nọ́ńbà rẹ̀, àti aago tí ẹ kúrò nílé. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ dé nìkan ló lè tètè mọ̀ pé ẹ ti pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ aago yìí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Èkó bọ̀, bóyá ẹ gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Ìlẹ́ṣà ni o, tàbí ẹ gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó, Àkúrẹ́ lẹ ó já sí, láti ibẹ̀ ẹ ó gba Ọ̀wọ̀. Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ tó nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà, Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lójú àwòrán máàpù inú fóònù, ìrìn wákàtí kan ni apá tó kẹ́yìn yẹn. Fóònù kò mọ kòtò, kò sì mọ tírélà tó ṣubú dínà. Ẹ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bí ẹ bá dé Ọ̀wọ̀ tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù, ẹ má ṣe kọjá mọ́. Ẹ wá ilé ìtura, ẹ sùn. Kì í ṣe àdánù: ààfin Ọlọ́wọ̀ tóbi tó ohun tí ọmọdé ń wò títí ọrùn á fi ro ó, musíọ̀mù sì wà ní Ọ̀wọ̀ láti ọdún 1968. Owó yàrá òru kan ni ẹ ó san. Ẹni tó fi dandan lé e pé ojú ọ̀nà ni ilẹ̀ yóò ṣú bá òun, kò mọ iye tí òun yóò san.

Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ajínigbé ń lo igbó tó wà láàrin ìlú sí ìlú, wọ́n sì fẹ́ràn ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dínkù lójú ọ̀nà àti ibi tí kòtò bá ti mú kí ọkọ̀ rọra. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ń ti ìpàdé àwọn ọba bọ̀ láti Àkúrẹ́ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa wọ́n ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n. Ọba ni wọ́n, ìlú wọn ni wọ́n ń lọ, ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ti Benin bọ̀, ọ̀nà yẹn gan-an ni máàpù lè fi hàn yín. Ẹ má gbà á láì béèrè. Ẹ̀yin ará Abuja tí ẹ ń gba Lọ́kọ́ja àti Kàbà tàbí Okene wọlé, tiyín náà gba kí ẹ fara balẹ̀, nítorí ibodè ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Kogí, Ẹdó àti Èkìtì, ló fara kan Àkókó, ibodè sì jẹ́ ibi tí ẹni tó ṣe ibi lè tètè bọ́ sí òdìkejì.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, àwọn ọmọ wa ń ṣọ́ igbó, àwọn ọlọ́pàá àti ṣọ́jà náà wà lójú pópó. Èyí kò sọ pé kí ẹ máa sùn nínú ọkọ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yìí lójoojúmọ́ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ bó bá ṣe ń lọ, ẹ yà sí gáréèjì l'Ákúrẹ́ tàbí l'Ọ́wọ̀, ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lọ̀nà Ìkàrẹ́ lónìí?" Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró díẹ̀, ẹ dúró. Bí ẹ bá rí i tí ọkọ̀ iwájú ń yí padà, ẹ yí padà pẹ̀lú wọn, ẹ ó béèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé ìlú tó kọjá. Ẹ má ṣe dúró síbi tí kò sí ilé kí ọmọ lè tọ̀. Ẹ jẹ́ kó tọ̀ ní ilé epo. Ẹ̀yin tí ẹ dé láti òkè òkun ní tiyín, ẹ bá wa pa ẹnu mọ́. Kò yẹ kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú bọ́ọ̀sì mọ̀ pé Houston lẹ ti dé, kò sì yẹ kí Facebook mọ ilé tí ẹ ó sùn sí kí ẹ tó sùn síbẹ̀. Àwòrán kò ní bàjẹ́ bí ẹ bá fi sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá padà délé.

Bí ẹ bá ti sún mọ́ Àkùngbá, ewu mìíràn dé, òun sì ló ń pa èèyàn jù lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn kì í sọ ọ́ tó ọ̀rọ̀ ajínigbé. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ọ̀nà wa ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń kọ́rọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó kó sìmẹ́ǹtì pàdánù bíréèkì rẹ̀ l'Ákùngbá, ó ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú yunifásítì. Ẹ̀mí ṣòfò, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Kì í ṣe inú ọkọ̀ ni gbogbo wọn wà. Àwọn kan dúró síbi tí wọ́n ti ń ra nǹkan ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń wakọ̀ ní ilẹ̀ títẹ́jú l'Ékòó kò mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láì gbé ẹsẹ̀ kúrò, irin àti páàdì yóò máa ha ara wọn títí wọn yóò fi gbóná. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn, ó máa ń ta bí ìgbà tí rọ́bà bá ń jóná. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ̀ kò sì ní dáhùn mọ́. Nígbà yẹn ó ti bọ́. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ ti fi ọkọ̀ sí jíà kékeré lókè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà á sẹ́yìn. Kí ẹ wá máa tẹ bíréèkì, kí ẹ máa tú u sílẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì náà ní jíà kékeré, ẹ wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ D kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọn kan máa ń fi ọkọ̀ sí fírì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí epo má baà tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Owó epo tí ẹ ó rí níbẹ̀ kò tó ra gúgúrú.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú táyà, kó wo páàdì, kó wo ọ́ìlì bíréèkì. Bí tírélà bá wà lẹ́yìn yín níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀, ẹ yà fún un kó kọjá, ẹ má bá a jà sí ọ̀nà. Bí ó bá wà níwájú yín, ẹ jìnnà sí i, pàápàá níbi tó bá ti ń gòkè, torí tírélà tó bá rẹ̀ sórí òkè ẹ̀yìn ló ń padà sí. Ẹ má páàkì sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ dúró síbẹ̀ ra àgbàdo, bó ti wù kí àgbàdo náà máa ta sánsán tó. Láàárọ̀ kùtù nígbà ọyẹ́, kùrukùru máa ń bo orí òkè Ọ̀kà débi pé ẹ kò ní rí iwájú. Ẹ mu tíì sí i, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 112 sì ni ti pàjáwìrì gbogbo. Kí àwọn ọmọ pẹ̀lú mọ̀ ọ́n lórí.

Ó dáa, ẹ ti dé. Ìbéèrè tí gbogbo ẹni tí ẹ bá kí yóò bi yín ni pé, "Ta lẹ wá bá?" Kì í ṣe ìwádìí ọlọ́pàá, ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ilé tí wọn yóò wá kí yín sí ni. Ẹ ní ìdáhùn. Àlejò tó bá dáhùn pé òun kò bá ẹnikẹ́ni wá, òun kàn ń wo òkè, yóò dá ìfura sílẹ̀ lọ́kàn àwọn èèyàn tí wọ́n ti fojú rí ohun tí àjèjì nínú igbó lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà yín lálejò mú yín lọ kí olórí àdúgbò, tàbí kó ránṣẹ́ sí ààfin bí òkè tí ẹ fẹ́ gùn bá jẹ́ èyí tí ìlú ń tọ́jú. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Kì í pẹ́. Ìgbà tí ẹ bá fi jáde, ọ̀pọ̀ ojú ti bá yín ṣọ́ ara yín.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Tápà ń kó Àkókó lẹ́rú ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, orí àwọn òkè wọ̀nyí àti abẹ́ àpáta wọn ni àwọn baba wa sá sí. Ohun tó gbà wọ́n nígbà náà ni pé ẹni tí kò mọ ojú ọ̀nà kò lè gùn ún. Òkè kò tíì yí padà. Àwọn àgbà sì ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran; orí àpáta lèyí ti hàn jù. Ojú àlejò rí àpáta gbígbẹ. Ọmọ ilé rí ìlà dúdú tó sọ̀ lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì mọ̀ pé ibi tí omi òjò ń gbà nìyẹn: ewédò tó gbẹ mọ́ ọn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bí ìrì bá sẹ̀ sí i tàbí tí ọmọ da omi ìgò sí i, yóò yọ̀ bí ọṣẹ. Ojú àlejò rí òkúta pẹlẹbẹ tó ṣe é tẹ̀. Ọmọ ilé kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kàn án, bí ó bá dún gbìnbìn bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, ó fò ó, torí èèpo àpáta tó ti yà kúrò lára ìyá rẹ̀ ni, ó lè bọ́ lọ pẹ̀lú ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà ẹ má dá gùn ún. Ẹ mú ọ̀dọ́ kan tó jẹ́ ọmọ àdúgbò, ẹ bá a dá owó kí ẹ tó gbéra, kó ṣáájú. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì, kì í sì ṣe bàtà tí ẹ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé omi tó pọ̀. Ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú, ẹ má kàn sọ fún un pé kó rọra. Ẹni tó ń ya fọ́tò kò gbọdọ̀ máa fi ẹ̀yìn rìn. Ọ̀rọ̀ yìí jọ ẹ̀fẹ̀ títí ẹ ó fi rí i tí èèyàn ń ṣe é ní etí àpáta. Oyin máa ń wọ̀ sábẹ́ àpáta, òórùn lọ́fíńdà a sì máa bí i nínú. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń kùn, ẹ má sọ òkò, ẹ kó ọmọ, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ wéréwéré. Ejò náà ń yá oòrùn. Ẹ má ki ọwọ́ bọ inú pàlàpálá tí ẹ kò rí inú rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, koríko tó wà láàrin òkúta ti gbẹ kanrin, àwọn ọdẹ sì ń sungbó. Bí ẹ bá rí èéfín nísàlẹ̀, kí amọ̀nà yín wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ẹ má ṣe sọ̀ gba inú koríko. Ìkòkò, aṣọ funfun, màrìwò tí wọ́n so: ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má yà á ní fọ́tò láì béèrè. Bó bá di aago mẹ́rin, ẹ ti máa bọ̀ nílẹ̀.

Òkè Màríà l'Ọ́kà, tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń gùn lọ gbàdúrà, rọrùn díẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ti là á. Ibi àdúrà ni ṣá. Ẹ wọṣọ tó bo ara, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà yín dúró nísàlẹ̀.

Òru wa ní tirẹ̀. Ẹni tó ti Èkó wá kì í gbà gbọ́ pé òtútù lè mú èèyàn ní Nàìjíríà títí yóò fi sùn l'Ọ́kà lásìkò ọyẹ́. Ẹ kó súwẹ́tà wá, ẹ kó ìbọ̀sẹ̀ ọmọ wá, ẹ kó aṣọ ìbora. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ikọ́ fée, òtútù àti eruku ọyẹ́ lè dá a gúnlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wá, ẹ kó oògùn rẹ̀ tó pé, ẹ sì mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn àkànṣe ìjọba tó wà ní Ìkàrẹ́ lójú mọmọ, kí ó má jẹ́ òru lẹ ó máa wá a. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni ìkòkò iná. Òtútù á mú àwọn èèyàn, wọn á gbé ẹyín iná wọ yàrá, wọn á ti fèrèsé pa kí ooru má baà jáde. Èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí á kọ́kọ́ fọ́ni, oorun á kunni, ẹni tó bá sùn lọ kò ní jí. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé. Ẹ fi aṣọ móoru. Ẹ jẹ́ kí iná wà níta, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé.

Owó: ẹ mú díẹ̀ lọ́wọ́, nẹ́tíwọ̀kì kì í ṣe ẹni tí à ń fi ọkàn tẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Nípa ọ̀rọ̀ ìlú, gbólóhùn díẹ̀ ni mo ní. Ní Ìkàrẹ́, ọ̀rọ̀ wà láti ọjọ́ pípẹ́ láàrin ìhà Olúkàrẹ́ àti ìhà Ọwá Alẹ̀ lórí ipò ọba, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ rí láàrin àwọn ọ̀dọ́ débi tí ìjọba fi pàṣẹ kónílé ó gbélé. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni, ìlú a máa dákẹ́ rọ́rọ́, ọjà a sì máa kún. Àmọ́ kí àlejò má gbè sẹ́yìn ẹnì kankan níbi ọtí tàbí níbi ìnáwó, kó má béèrè ta ló ju ta lọ. Bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ń sáré, ẹ wọlé, ẹ má gbé fóònù jáde láti gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá sì dé lásìkò ọdún ìbílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé yín bóyá ọjọ́ kan wà tí obìnrin kì í jáde tàbí ojú ọ̀nà tí wọ́n ti dí. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín ni kí ẹ ṣe.

Ó wá ku oúnjẹ, mi ò sì ní fi ojú kékeré wò ó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń bá jà jù ní Nàìjíríà, òun pẹ̀lú Ẹdó àti Bauchi, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí à ń ṣọdún gan-an ló sì máa ń gbóná. Eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi ba oúnjẹ jẹ́. Ẹ ó rí gààrí àti èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí tapólì lẹ́bàá títì, tí eruku ń fẹ́ sí i lọ́sàn-án, tí eku ń kọjá lórí rẹ̀ lóru. Ẹ má rà á mu tútù. Iyán tó jáde gbígbóná látinú odó, ẹ jẹ ẹ́ títí ẹ ó fi yó. Ọbẹ̀ tó hó, ẹ jẹ ẹ́. Ẹran ìgbẹ́ tó bá jẹ́ eku, irú eku yòówù, ẹ fi sílẹ̀ fún onílé kí ẹ sì dúpẹ́. Ẹ lè sọ pé dókítà ló kọ̀ ọ́ fún yín, kò ní bínú. Ẹ kó oúnjẹ ọmọ sínú ike tó ní ìdérí tó le, ẹ má fi búrẹ́dì sílẹ̀ lórí tábìlì mọ́jú.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ padà, òwúrọ̀ ni kí ẹ tún gbéra, bó ti wù kí onílé bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹun ọ̀sán kí ẹ tó lọ. Ẹ pè é nígbà tí ẹ bá dé Àkúrẹ́, ẹ tún pè é nígbà tí ẹ bá délé, torí kò ní sùn títí yóò fi gbọ́. Kí ẹ sì máa ka ọjọ́ lẹ́yìn náà. Ó lè tó ọjọ́ 21 kí ibà Lassa tó fara hàn lára ẹni tó bá ti kó o, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jọ ibà ẹ̀fọn púpọ̀: ara gbígbóná, ó rẹni, orí ń fọ́ni, ọ̀nà ọ̀fun ń dunni, bóyá èébì. Bí ó bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín láàrin ìgbà yẹn, ẹ má ra oògùn ibà lọ́wọ́ kẹ́míìsì kí ẹ máa wò ó níran. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sì sọ fún dókítà láì dúró kó béèrè pé Àkókó lẹ ti dé, àti ọjọ́ tí ẹ kúrò níbẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́wọ̀ mọ àrùn náà dáadáa, dókítà yín lè bá wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà sì ni 6232.